Ọmọ akọ kan ni gbogbo wọn: ohun tí mo kọ́ nídìí ẹ̀jẹ̀ màlúù

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń wọ iṣẹ́ jíìnì ẹran ọ̀sìn, ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́. Èsì tó kọ́kọ́ dùn mọ́ mi jù lọ nínú iṣẹ́ yìí, òfo ni. Mi ò parọ́ o. Ẹ̀jẹ̀ tí mo gbà ló tàn mí, èmi náà sì ti múra sílẹ̀ fún ìtànjẹ.

Àrùn awọ màlúù tí mò ń lé kiri ni dermatophilosis, èyí tí àwọn Hausa ń pè ní kirchi. Bí òjò bá ti ń rọ̀ dáadáa, ẹ ó rí màlúù tí irun ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ̀ pọ̀, tí èépá ṣù bo awọ rẹ̀ bí ẹrẹ̀ tó gbẹ. Ẹni tó ń ta pọ̀nmọ́ kò ní wo irú awọ bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Dermatophilus congolensis ló ń fà á. Van Saceghem ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ ní Kóńgò lọ́dún 1915. Eégbọn aláràbarà, Amblyomma variegatum, ló máa ń bá a ṣílẹ̀kùn, torí ó ń dín agbára ìdènà àrùn ara ẹran kù. Irú màlúù tí à ń pè ní Muturu àti N'Dama kì í fi bẹ́ẹ̀ ní in. Màlúù Fúlàní funfun ló ń jìyà rẹ̀, síbẹ̀ nínú agbo kan náà, ọ̀kan á ṣèépá, èkejì á máa dán.

Ibẹ̀ ni BoLA, àkójọ jíìnì tó ń bá ara màlúù dá àrùn mọ̀, ti wọ ọ̀rọ̀. Orí kúrómósóòmù 23 ló wà, DRB3 ni ògbóǹtarìgì inú rẹ̀. Iṣẹ́ àwo ni DRB3 ń ṣe: sẹ́ẹ̀lì á bu ègé kòkòrò tó gbé mì sórí rẹ̀, á gbé e síta kí àwọn ọmọ ogun ara lè rí i. Àwo yìí kò rí bákan náà lára gbogbo màlúù. Ẹ̀dà rẹ̀ tí a ti mọ̀ lé ní 300, màlúù kan kò sì lè ní ju méjì lọ, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ègé tí àwo kan gbà, òmíràn lè má gbà á.

Mo gba ẹ̀jẹ̀ màlúù 40 ní agbo kan lápá Òkè-Ògùn. Mo kó o sínú kúlà oníyìnyín, mo sáré gbé e dé láàbù kí iná tó lọ. PCR, ọ̀nà tí a fi ń sọ ègé DNA di púpọ̀, ṣiṣẹ́. Mo fi RsaI àti HaeIII, àwọn ẹ́ńsáìmù tó ń gé DNA, gé e, ìlà rẹ̀ jáde kedere. Ẹ̀dà kan wà tó jẹ́ pé àwọn tó ń ṣèépá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ ní in tán. Lálẹ́ ọjọ́ náà ni mo pe ọ̀gá mi.

Wọn ò bá mi yọ̀. Wọ́n ní, “Ta ni bàbá wọn?” Mo ní mi ò mọ̀. Wọ́n ní kí n padà lọ béèrè.

Darandaran náà, bàbá arúgbó kan tó gbọ́ Yorùbá ju àwọn ọmọ mi lọ, rẹ́rìn-ín. “Dókítà, ọmọ akọ funfun tó kú lọ́dún ìjẹta ni gbogbo àwọn eléèépá yẹn. Òun náà ṣe é títí ó fi kú. Àti pé ìgbà ọyẹ́ lo wá. Èépá ti ń gbẹ já bọ́ nígbà yẹn. Wá nígbà òjò, kó o wá rí nǹkan.”

Ohun tí mo pè ní iṣẹ́ DRB3, ìdílé kan ni mo rí. Àwọn ọmọ bàbá kan náà jọ pín ọ̀pọ̀ jíìnì mìíràn, mi ò sì lè mọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ nínú wọn. Àwọn tí mo sì kọ sílẹ̀ pé ara wọn le, ta ló mọ̀ bóyá èépá wọn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ jábọ́?

Ẹ wá wo iṣẹ́ tí olùṣèwádìí kan, Maillard, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe lórí àrùn yìí lára màlúù Brahman ní erékùṣù Martinique. Pápá kan náà ni gbogbo ẹran náà ń jẹ̀, eégbọn kan náà ló ń jẹ wọ́n. Àwọn tí àrùn náà mú gan-an àti àwọn tí kò mú rárá ni wọ́n fi wé ara wọn. Nígbà tí wọ́n rí ìsọ̀rí BoLA tó ń bá àrùn náà rìn, wọ́n ń yọ àwọn tó ní in kúrò nínú agbo. Láàárín ọdún márùn-ún, àrùn náà wálẹ̀ láti 76 nínú ọgọ́rùn-ún sí 2. Láàbù wọn kọ́ ni mo ń jowú, bí wọ́n ṣe yan ẹran ni.

Ṣùgbọ́n ẹ má sáré ki ẹ̀dà kankan ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá. Ẹ̀dà kan tó ń jẹ́ DRB3*009:02 ń bá màlúù Holstein dín BLV, kòkòrò tó ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ màlúù, kù nínú ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n BLV nìyẹn, kì í ṣe kirchi. Muturu tí kirchi àti àrùn eṣinṣin tsetse kì í tètè rí gbé ṣe, rinderpest máa ń pa á nípakúpa kí wọ́n tó kéde lọ́dún 2011 pé àrùn náà ti tán láyé.

Mo padà lọ nígbà òjò. Bàbá náà bi mí pé èwo ni kí àwọn tà. Mo wo ìwé mi: abo mẹ́rin tó ń fún wọn ní wàrà jù lọ wà lára àwọn tí mò ń fura sí. Mo ní kí wọ́n má tíì ta ìkankan, kí wọ́n kàn wá akọ mìíràn láti agbo tó jìnnà. Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní àwọn ti rà á láti oṣù méjì sẹ́yìn.