Orin ni Mo Fẹ́ Kí A Fi Kọ́ Wọn

Nínú gbogbo ọ̀nà tí mo ti rí tí a fi ń kọ́ ọmọdé bí a ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, èyí tó wù mí jù ni Sonic Pi, ètò kan tí a fi ń kọ àṣẹ kí kọ̀ǹpútà lè kọrin, tí Sam Aaron bẹ̀rẹ̀ ní Yunifásítì Cambridge, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní ọdún 2012, fún kọ̀ǹpútà kékeré tí wọ́n ń pè ní Raspberry Pi. Ọ̀fẹ́ ni, ó sì ń ṣiṣẹ́ lórí Windows àti Mac pẹ̀lú.

Ọmọ á kọ play 60 (nọ́ńbà náà ló ń sọ bí ohùn ṣe máa ga tó), ohùn kan á sì dún. Bó bá kọ play 64 sí abẹ́ rẹ̀, ohùn méjèèjì á dún pa pọ̀, nítorí kọ̀ǹpútà kì í dúró bí a kò bá ní kó dúró. Ìgbà tó bá fi sleep 0.5, ìyẹn dúró fún ìdajì ìṣẹ́jú àáyá, sáàárín wọn ni èkejì tó máa tẹ̀ lé èkíní. Etí ọmọ fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé bí a ṣe to àṣẹ ṣe pàtàkì, kì í ṣe olùkọ́.

Àṣẹ live_loop, tó ń mú kí apá orin kan máa tún ara rẹ̀ ṣe léraléra, ni mo fẹ́ràn jù lọ. Ọmọ lè fi ọ̀kan lu agogo, kó fi òmíràn lu ìlù, kí méjèèjì jọ máa yí po, kó sì yí nọ́ńbà padà láìdá orin dúró, torí pé nígbà tí ìyípo náà bá tún bẹ̀rẹ̀ ni àtúnṣe rẹ̀ á wọlé. Iṣẹ́ púpọ̀ tó ń lọ lẹ́ẹ̀kan náà, tó máa ń da àgbà láàmú, ni ọmọ náà ń ṣe yẹn.

Mo bẹ ẹ̀yin olùkọ́, ẹ wá earpiece fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, kó lè gbọ́ àṣìṣe tirẹ̀ kedere.