Gogoro mọ́ṣáláṣí ní Switzerland, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ n'Ifẹ̀

Níbi tí mò ń gbé ní Switzerland níbí, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́dún ni wọ́n sábà máa ń dìbò, kì í sì í ṣe ìbò gómìnà o, òfin gan-an ni wọ́n ń dìbò sí. Ìjọba á fi ènfílóòpù ránṣẹ́ sílé, ìwé àlàyé á wà nínú ẹ̀, èèyàn á jókòó sí kíṣìnnì ẹ̀ kọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí rárá, ó di pósítì. Kò sí tọ́ọ̀gì, kò sí dìbò-kó-o-sebẹ̀. Èmi ò sí níbẹ̀ ṣá, àlejò kì í dìbò sí òfin ìjọba àpapọ̀ wọn, Nàìjíríà náà ò sì jẹ́ kẹ́ni tó wà lókè òkun dìbò, òǹwòran ni mí lápá méjèèjì.

Ní 2009 wọ́n ní kí wọ́n dìbò bóyá kí òfin ka kíkọ́ gogoro sí mọ́ṣáláṣí léèwọ̀. Mẹ́rin péré ni irú ẹ̀ tó wà ní gbogbo orílẹ̀-èdè nígbà yẹn, wọn kì í sì í ti orí ẹ̀ pe ìrun, síbẹ̀ 57.5% ní bẹ́ẹ̀ ni. Ìlú tí aago ṣọ́ọ̀ṣì ń lù ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún o! Ẹ fọṣọ lọ́jọ́ Sunday kẹ́ ẹ wò ó, aládùúgbò á lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn yín pé ẹ̀ ń pariwo, aago tìyẹn kì í ṣe ariwo. Ó di March 2021, wọ́n dìbò sí ọ̀rọ̀ ẹlẹ́hàá, pé kẹ́nikẹ́ni má bojú níta mọ́, 51.2% fọwọ́ sí i, àsìkò tí wọ́n ń fi dandan mú gbogbo wa wọ másíìkì nínú bọ́ọ̀sì torí Kòrónà. September ọdún yẹn náà, wọ́n ní ṣé kí ọkùnrin lè fẹ́ ọkùnrin, kí obìnrin fẹ́ obìnrin, 64.1% ní bẹ́ẹ̀ ni, kò sí kántọ́ọ̀nù kan (bí ìpínlẹ̀ tiwa ni) tó kọ̀ ọ́. Àwọn èèyàn kan náà o.

Mọ́mì tó ń gbé nísàlẹ̀ mi, èèyàn jẹ́jẹ́ tó máa ń bá mi gba ẹrù pósítì mi, ò fi pa mọ́ fún mi pé bẹ́ẹ̀ ni làwọn dì sí méjèèjì ti 2021 yẹn. Mo ní Mọ́mì, ṣé ẹ ti rí ẹlẹ́hàá rí? Wọ́n ní àfi nínú tẹlifíṣọ̀n. Ọkùnrin tó fẹ́ ọkùnrin ńkọ́? Wọ́n ní háà, ọmọ ẹ̀gbọ́n àwọn mà ni, gbogbo Kérésì ló máa ń mú ẹnìkejì ẹ̀ wá. Ẹ tún wo ti 2009: Geneva àti ìlú Basel, níbi tí Mùsùlùmí ti pọ̀ díẹ̀, kọ̀ ọ́, Appenzell Innerrhoden tó wà láàárín òkè ní bẹ́ẹ̀ ni ju 70% lọ, ibẹ̀ náà ló sì jẹ́ pé 1990 ni kóòtù tó fipá mú wọn kóbìnrin tó lè dìbò ní kántọ́ọ̀nù wọn. Mo ti fẹ́ẹ́ máa sọ pé ẹni téèyàn ò mọ̀ ló ń lé sẹ́yìn, àmọ́ Ifẹ̀ ìlú wa ò jẹ́ n sọ ọ́.

Alhaja ni màámi, pásítọ̀ ni bọ̀ọ̀dá mi, pásítọ̀ yìí náà ló máa ń kọ́kọ́ bèèrè ẹran Iléyá. Ìjọba Ọ̀ṣun ń fún àwọn oníṣẹ̀ṣe ní ọlidé ní 20 August, ayé ò bàjẹ́. Ẹ wáá wo Mọdákẹ́kẹ́. Tó o bá gun ọ̀kadà ní Lágere, kó o tó wá ṣéńjì o ti débẹ̀. A jọ ń sọ Yorùbá, a jọ ń fẹ́ra, a jọ ń ná ọjà Odò-Ògbè, síbẹ̀ láti 1997 títí dé 2000 la fi ń para wa tá à ń sun ilé ara wa, torí ibi tí wọ́n máa gbé ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ Ìlà-Oòrùn Ifẹ̀ sí, ọ̀rọ̀ ìṣákọ́lẹ̀ sì ti wà nídìí ẹ̀ tipẹ́. Àwọn Hausa Sábó náà, ọwọ́ wọn la ti ń ra àlùbọ́sà àti súyà, ní March 2017 ìjà bẹ́, ẹ̀mí lọ sí i. Ìgbò tó ń ta spare parts, ọmọ wa ni lójoojúmọ́, àfi tó bá ní òun fẹ́ẹ́ du káńsẹ́lọ̀. Gbogbo àwọn tá a mọ̀ dáadáa nìyẹn!

Ti ọkùnrin tó fẹ́ ọkùnrin ẹ̀wẹ̀, kò sẹ́ni tó ní ká dìbò, Jonathan buwọ́ lu òfin ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́rìnlá ní 2014, Mùsùlùmí ń pàtẹ́wọ́, Kìrìsìtẹ́nì ń pàtẹ́wọ́, àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn kì í bára mu lórí nǹkan kan.

Tèmi ni pé òyìnbó ò ka ohun tó o bá ń ṣe nínú yàrá ẹ sí, ohun tó bá yọrí sókè ládùúgbò wọn ni wọ́n ń bá jà. Ifẹ̀ ò ka bó o ṣe ń sin Ọlọ́run ẹ sí, ṣáà má fọwọ́ kan ilẹ̀ àti ipò. Ìbò 2009 yẹn dùn mí o, mi ò níí parọ́, àmọ́ mi ò rí ilé tó jóná torí ẹ̀, tiwa jóná.

Mo rò gbogbo ẹ̀ fún màámi lórí fóònù. Wọ́n ní ṣé wọ́n ń jẹ́ kẹ́ ẹ kírun? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni mà, inú ilé iṣẹ́ àtijọ́ kan ni. Wọ́n ní kí n yéé da ara mi láàmú, pé mọ́ṣáláṣí àdúgbò wa gan-an, páànù àti sípíkà ló wà lórí ẹ̀, gogoro wo?