Ẹ Má Kánjú Gun Ọmọ Ẹṣin

Ẹṣin tí kò tíì pé ọdún 3, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gùn ún. Egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ṣì ń dàgbà, kì í sì í gbó tán títí yóò fi tó nǹkan bí ọdún 5 sí 6.

Ilẹ̀ ni ẹ ti máa kọ́kọ́ kọ́ ọ. Bí ẹ bá fa okùn, tí ó gbé ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, ẹ dẹ okùn náà lójú ẹsẹ̀. Dídẹ̀ yẹn gan-an ló ń kọ́ ọ, kì í ṣe fífà. Ìṣẹ́jú 15 sí 20 ti tó lóòjọ́.

Ìdí gàárì ni iṣẹ́ ti sábà máa ń bàjẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó gbóòórùn rẹ̀ ná. Ọ̀já abẹ́ ikùn, ẹ má fún un pinpin lẹ́ẹ̀kan náà: ẹ dì í díẹ̀, ẹ fa ẹṣin náà rìn, kí ẹ tó tún fún un sí i. Bí ó bá ká ẹ̀yìn sókè bí ológbò, tí ó séèémí, ẹ má tíì gùn ún o! Ó fẹ́ máa ta nìyẹn. Ẹ máa mú un rìn yípo títí ẹ̀yìn náà yóò fi rọ̀.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ẹ kàn fi ikùn dùbúlẹ̀ lé gàárì, kí ẹnì kejì di okùn mú.