Ebi Wà ní London, Mo Sì Ń Tọrọ Owó

"Ebi wà ní London náà?" Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló fi ohùn ránṣẹ́ báyìí sórí WhatsApp ẹbí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Mo ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé food bank àdúgbò wa ní gúúsù London, ibi tí a ti ń pín oúnjẹ lọ́fẹ̀ẹ́ fún ẹni tí kò rí jẹ, ń wá owó, pé kí ẹni tí agbára rẹ̀ bá ká a ràn wá lọ́wọ́. Wọ́n kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì gùn. Wọ́n wá ní, "Ìwọ tí à ń wojú rẹ, ìwọ lo tún ń ṣagbe. Owó wa lo fẹ́ fi bọ́ òyìnbó? Má dójú tì wá níbẹ̀ o." Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo ilé dákẹ́.

Mi ò lè fún wọn lésì níbẹ̀. Àgbà ni wọ́n, àwọn ni wọ́n sì san owó ilé ìwé mi. Ibí ni màá ti sọ ọ́, torí mo mọ̀ pé kì í ṣe ilé tiwa nìkan ni wọ́n ti ń rò pé ebi kì í pa ẹnikẹ́ni lókè òkun.

Ebi wà o. Food bank àkọ́kọ́ tí Trussell, àjọ aláàánú kan níbí, dá sílẹ̀, ìlú Salisbury ló wà, ní 2000. Láàárín April 2023 sí March 2024, ẹrù oúnjẹ tí àwọn food bank wọn pín lé ní mílíọ̀nù 3, ti àwọn ọmọdé nìkan nínú rẹ̀ sì lé ní mílíọ̀nù 1. Oúnjẹ ọjọ́ mẹ́ta ló máa ń wà nínú ẹrù kan: pásítà, ìrẹsì, tíì, ẹja inú agolo, àti ẹ̀wà inú agolo tí àwọn òyìnbó ń dà sórí búrẹ́dì. Màmá àgbà kan, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, tọ́ ẹ̀wà yìí wò nínú gbọ̀ngàn wa, ó ní, "Ta ló da ṣúgà sí i? Ẹ mú epo pupa wá kí n tún un sè." A rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wa. Ọ̀rọ̀ di ti ẹ̀wà àgànyìn, ti ata ta ló dúdú jù, títí ẹni tó ń pín nǹkan fi ní ká jẹ́ kí ìlà máa lọ.

Màmá yẹn kò wá bá wa ṣiṣẹ́. Orí ìlà ló wà.

Òyìnbó ń bẹ níbẹ̀ lóòótọ́, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ tí owó iṣẹ́ kò ká owó ilé àti owó iná. Ṣùgbọ́n àwa náà ń bẹ níbẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ ti ṣírò owó ilé ìwé rẹ̀ kí náírà tó já ní June 2023. Ẹni tó ta ilẹ̀, tó kó owó fún agẹ́ńtì nítorí iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, tó dé ibí tí wọn ò fún un níṣẹ́ tó tó. Físà irú wọn kò jẹ́ kí wọ́n gba owó ìrànwọ́ ìjọba. Obìnrin kan gbọ́ tí mò ń kí ẹnìkan ní Yorùbá, ó yára fa fìlà jákẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bojú. Nígbà tó yá, ó sún mọ́ mi: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn ará ilé ń bi mí pé kí ló dé tí mi ò tíì fi nǹkan ránṣẹ́." Ọmọ rẹ̀ ti ń jẹ bisikíìtì kí wọ́n tó di ẹrù wọn tán.

Bí ẹni tí ipò rẹ̀ rí báyìí bá ń ka èyí: oúnjẹ food bank kì í ṣe owó ìjọba, gbígbà á kò ba físà yín jẹ́. Dókítà, ilé ìwé ọmọ yín tàbí Citizens Advice, àjọ tó ń gba aráàlú nímọ̀ràn lọ́fẹ̀ẹ́, lè kọ ìwé tí ẹ máa mú lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi lè ní ti ilé burú jù. Ó burú jù, mi ò jiyàn. Ní ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá 2024, ọmọdé 35 ló kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ní Islamic High School, Baṣọ̀run, n'Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ṣèlérí oúnjẹ àti owó ọdún fún àwọn ọmọ. Mo mọ ọ̀nà yẹn, mo mọ géètì yẹn. Ohun tó dùn mí ni pé ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ̀rọ̀ bí ẹni pé ẹni tó bá ṣàánú ọmọ ibí ti kọ ọmọ Ìbàdàn sílẹ̀. Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ sílé ń kúrò lọ́wọ́ mi lóṣooṣù, kò sì ní dúró.

Nígbà ìsìnkú ìyá wa àgbà, orí WhatsApp yìí kan náà la ti dá owó màlúù àti owó aṣọ ẹbí. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, owó ti pé. Kò sẹ́ni tó pe ìyẹn ní agbe. Ẹni tó wà láàyè tí kò rí jẹ, ṣé kò tó ohun tí à ń yára dáwó fún? Mi ò ní yé béèrè.

Ẹ̀yin tó wà nílé, ẹ má yí náírà sí pọ́ùn nítorí mi. Lagos Food Bank Initiative ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí láti 2015, ẹ fún wọn. Ẹ̀yin tó ń san owó orí níbí, ẹ fi àmì sí Gift Aid nígbà tí ẹ bá ń fún wa lówó: pọ́ùn 10 yín á di pọ́ùn 12 àti pẹ́ńsì 50, ìjọba ló ń fi ìyókù kún un. Ẹni tí fífún wa ní oúnjẹ bá rọ̀ lọ́rùn ju owó lọ, pásítà ti pọ̀ lọ́wọ́ wa. Ìrẹsì, òróró, gàrí àti páḿpà ọmọ la ń wá.