Ìwé Ilẹ̀ Tí Kò Sọ Nǹkan Kan

Bí ẹ bá fẹ́ ra ilé ní Flanders, lórílẹ̀-èdè Bẹ́ljíọ̀m, ẹ má tíì tọwọ́ bọ ìwé kankan tí ẹ kò bá tíì rí bodemattest. Ìwé tó ń sọ ohun tí ìjọba mọ̀ nípa bóyá epo tàbí kẹ́míkà ti ba ilẹ̀ náà jẹ́ ni, OVAM, àjọ ìjọba Flanders tó ń rí sí pàǹtírí àti ilẹ̀, ló ń fúnni. 1995 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣòfin rẹ̀, wọ́n tún un ṣe ní 2006. Ẹni tó bá ta ilẹ̀ láìsí ìwé yìí, ẹni tó rà á lè ní kí ilé ẹjọ́ fagi lé e. (Brussels àti Wallonia, apá méjì yòókù ní Bẹ́ljíọ̀m, ní òfin tiwọn.)

Èmi rí ìwé tèmi, òun gan-an ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kó bá mi.

Ilé kan ní Antwerp ni, tó ní àgbàlá gbọọrọ lẹ́yìn. Gbogbo ohun tí ìwé náà sọ ni pé OVAM kò ní àkọsílẹ̀ kankan nípa ilẹ̀ náà. Inú mi dùn, mo pe ìyàwó mi pé ilẹ̀ mọ́. Ta ló sọ pé ó mọ́? Ẹnikẹ́ni ò gbẹ́ ibẹ̀ wò rí ni.

Bàbá arúgbó tó ń gbé ní òdìkejì títì ló là mí lójú. Ó ní ṣé èmi náà fẹ́ ṣí gáréèjì ni? Gáréèjì kẹ̀! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó di ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, torí àwọn ló ń tọ́jú orúkọ àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lórí wọn. Wọ́n tú fáìlì títí, wọ́n bá ìwé àṣẹ àtijọ́ ẹnì kan tó ń tún lọ́rì ṣe níbẹ̀. Irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹni tó ń tà á ló gbọ́dọ̀ sanwó fún onímọ̀ tí ìjọba fọwọ́ sí, kó yẹ̀ ẹ́ wò kó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n lu ilẹ̀. Ọmọkùnrin tó wá lu ú ń yí irin wọlẹ̀, ó ń to erùpẹ̀ tó bá fà jáde sórí ọ̀rá. Ilẹ̀dú ló kọ́kọ́ yọ, iyanrìn tẹ̀lé e. Nígbà tó máa tó bíi mítà méjì, èyí tó jáde rí bí eérú, ó ń yọ̀. Kò tíì gbé e dé imú tí òórùn epo dísù ti kàn mí níbi tí mo dúró sí.

Mo mọ òórùn yẹn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa n'Íbàdàn, àwọn mẹkáníìkì máa ń da ọ́ìlì kọ̀ńdẹ́ẹ̀mù sílẹ̀ kí eruku má baà sọ. Omi kànga wa á máa dán bí òṣùmàrè, ìyá mi á ní ká fi fọṣọ.

Ẹni tó ń talé bínú, ó ní ìwé ti jáde, kí ni mo tún ń wá kiri? Mo fi ilé rẹ̀ sílẹ̀ fún un, torí títún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe lè gba ọdún. Ìwé ilé tí a wá rà lẹ́yìn náà kò sọ nǹkan kan bákan náà. Àmọ́ ká tó dé ọ̀dọ̀ lọ́yà, mo ti kan ilẹ̀kùn gbogbo arúgbó àdúgbò.