Nọ́ọ̀sì ọba

“Nọ́ọ̀sì ọba” ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ìbàdàn ń pè mí. Wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti ń tọ́jú òyìnbó ní Sìkọ́tílándì kò ní pẹ́ bá ọba wọn jẹun. Ẹ jọ̀ọ́, Dumfries ni mo wà. Àgùntàn ni mò ń rí.

Iná kì í lọ níbí, owó oṣù ń wọlé lásìkò. Ti ilé, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ibí ni ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi. Lóṣù Kejìlá, kó tó di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ilẹ̀ ti ń ṣú. Ọdún kẹta mi rèé ládùúgbò kan náà. Aládùúgbò mi á sọ̀rọ̀ òjò, á wọlé, ó parí. Ní Bódìjà, bí n kò bá yọjú títí aago mẹ́wàá àárọ̀, ẹnì kan á kanlẹ̀kùn: “Ṣé kò sí o?” Nígbà tí ọ̀fìnkìn líle dá mi dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin níbí, ibi iṣẹ́ nìkan ló pè mí. Wọ́n fẹ́ mọ ọjọ́ tí mo máa wọṣẹ́.

Bàbá arúgbó kan ló sọ̀tàn John Rogerson fún mi, ọmọ agbègbè yìí gan-an. Wọ́n bí i ní 1741, ó gboyè dókítà ní Edinburgh ní 1765, nígbà tó di ọdún kejì ó ti jápa lọ sí Rọ́ṣíà. James Mounsey, tóun náà jẹ́ ará Dumfries níbí, ti ṣe dókítà ààfin níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, nítorí náà ọ̀nà ti là. Rogerson di dókítà Ọbabìnrin Catherine, bẹ́ẹ̀ obìnrin náà kì í fi bẹ́ẹ̀ gba dókítà gbọ́! Ó wà níbẹ̀ títí ìyẹn fi wàjà ní 1796. Ọdún 1816 ló tó padà sílé, ó sì kú ní 1823.

Mo ròyìn rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n màmá mi, kí wọ́n lè rí i pé òyìnbó náà ń fìlú sílẹ̀. Wọ́n ní, “Ṣó o rí i? Òun náà padà sílé.”

Ó padà lóòótọ́. Àmọ́ ó ti ra ilẹ̀ ńlá sí Dumcrieff, lẹ́bàá Moffat. Èmi ṣì ń wá owó ilé tí mò ń gbé. Kí ni kí n gbé padà, òtútù?

Lánàá wọ́n tún pè: páànù ilé ń jò. Mo fowó ránṣẹ́. Bí mo bá wà ní Bódìjà, níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní kí n bá àwọn kí ọba.