Ìrọ̀lẹ́ Kan ní Astoria: Fíìmù Tó Ń Wá Òṣèré Aláìlórúkọ

Iṣẹ́ ilé ìkàwé ni mo ń ṣe, nítorí náà nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Queens, ní ìlú New York, sọ fún mi pé wọ́n fẹ́ ṣàfihàn fíìmù The Watermelon Woman ní Museum of the Moving Image, mùsíọ́mù fíìmù tó wà ní àdúgbò Astoria níbẹ̀, kò sí ohun tó tún lè dá mi dúró. Ọkọ̀ ojú irin R la wọ̀ dé Steinway Street, a sì fẹsẹ̀ rin ìyókù. Mùsíọ́mù náà, tó ṣílẹ̀kùn ní 1988, jẹ́ apá kan ilé iṣẹ́ fíìmù àtijọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1920, tí Paramount, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe fíìmù, lò kí àwọn ológun Amẹ́ríkà tó gbà á nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. A kàn gba ọ̀dọ̀ àwọn kámẹ́rà àtijọ́ kọjá ni, nítorí àkókò ti lọ. Gbọ̀ngán tí wọ́n fi aṣọ aláwọ̀ búlúù bo ògiri àti àjà rẹ̀ la gbà lọ tààrà.

Cheryl Dunye, ẹni tí wọ́n bí ní Liberia tó sì dàgbà ní Philadelphia, ló kọ fíìmù náà, òun ló darí rẹ̀, òun náà ló sì jẹ́ olú òṣèré, ní 1996. Ọ̀dọ́bìnrin kan tí òun náà ń jẹ́ Cheryl, tó ń ṣiṣẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń yá fídíò, rí obìnrin adúláwọ̀ kan tó ṣe ìránṣẹ́bìnrin nínú fíìmù ayé àwọn 1930, ṣùgbọ́n “Watermelon Woman” nìkan ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ rẹ̀ wà. Ìyà tó jẹ irú àwọn òṣèré bẹ́ẹ̀ kì í ṣe àròsọ: Hattie McDaniel, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tó gba àmì ẹ̀yẹ Oscar, ní 1940, tábìlì ọ̀tọ̀ ni wọ́n fi í sí lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ibi tí Cheryl ti ń wá obìnrin yìí kiri ló dùn mọ́ mi jù. Ó dé ilé ìkàwé, kò rí ohun kan. Ó bi ìyá rẹ̀ léèrè. Ìyá náà mọ ojú inú fọ́tò, kò mọ orúkọ. Ó dé ilé ìpamọ́ kan tí àwọn olùyọ̀ǹda-ara-ẹni ń bójú tó, níbi tí fọ́tò ti kún inú páálí láìsí ètò, tí wọ́n sì kọ̀ fún un láti ya wọ́n, ni ó bá fi kámẹ́rà jí wọn yà. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, nítorí mo ti jókòó ti fáìlì rí ní National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, mo sì mọ bí ó ṣe ń rí lára ẹni tí ohun tó ń wá wà ní iwájú rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ kò gbọdọ̀ tó o.

Díẹ̀díẹ̀ ni orúkọ yọ: Fae Richards, akọrin àti òṣèré, tó bá obìnrin òyìnbó kan tó ń darí fíìmù ní ìfẹ́, tó sì bá June Walker gbé ní ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ẹni tí kò bá tíì wo fíìmù náà kí ó má bínú sí mi: kò sí Fae Richards níbì kankan. Àwọn fọ́tò rẹ̀, 82 lápapọ̀, Zoe Leonard, ayàwòrán kan, ló yà wọ́n, ó wọ àwọn òṣèré láṣọ ìgbà náà, ó sì sọ fọ́tò di ogbó. Wọ́n wà lára ohun tí Whitney Museum, mùsíọ́mù iṣẹ́ ọnà ní New York, ní lónìí. Ọ̀rọ̀ kúkúrú kan ní ìparí, nígbà tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ fíìmù ń kọjá, ló jẹ́wọ́ pé àròsọ ni gbogbo rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ní irọ́ ni irọ́ ń jẹ́. Èmi kò gbà. Ẹni tí kò sí ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀, páálí wo la ti fẹ́ rí i? Dunye ṣe ohun tí ilé ìpamọ́ kò ṣe, ó sì sọ pé òun ló ṣe é. Ohun tí mo bá a jà lé lórí ni pé ó pẹ́ kí ó tó sọ ọ́, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ti dìde kí ọ̀rọ̀ náà tó jáde. Ní ẹnu ọ̀nà, àwọn ọ̀dọ́bìnrin méjì ń bi ara wọn léèrè ibi tí wọn yóò ti rí ìwé ìtàn ìgbésí ayé Fae Richards rà. Ẹ̀gbọ́n mi fi ìgbọ̀nwọ́ gún mi lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mo lọ ṣàlàyé fún wọn, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, òun ṣáà ti rí fọ́tò obìnrin náà.